Kóló, alájọ, èsúsú, alájẹṣẹ́kù àbí ápù: ibo ni kí ẹni tó ń san gbèsè máa kówó sí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká má parọ́, ṣíṣọ́wó ná nìkan kọ́ ló ń tán gbèsè. Èmi àti ọkọ mi ti fi pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹran, a ti fẹsẹ̀ rìn láti Alékùwodò dé Ọláìyá ní Òṣogbo níbí kí owó ọ̀kadà lè wà lápò, a ti lọ ń ra gààrí àti èlùbọ́ ní kóńgò lọ́jà Ìgbọ́nà dípò èyí tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá tíńtín ládùúgbò, odidi oṣù mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí oṣù kẹrin wá parí tí mo jókòó ṣírò ẹ̀, gbèsè tá a jẹ ò dín rárá. Owó tá à ń ṣọ́ yẹn ń wọlé lóòótọ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde. Lónìí ọmọ ní kí wọ́n mú owó kan wá síléèwé, lọ́la aládùúgbò ń sọmọ lórúkọ, ọjọ́ kẹta gáàsì tán. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ibi téèyàn ń kó owó gbèsè sí ló ṣe kókó, kì í ṣe bó ṣe rí owó náà nìkan.

Gbèsè tiwa pé mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ₦250,000 tá a yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá wọn, kò sí èlé lórí ẹ̀. Ìkejì, ₦60,000 ọjà àwìn tí mo kó lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Akíndèkó, nítorí iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Àyétòrò. Ìkẹta ni èyí tó ń jẹ́ kí n máa jí lóru, gbọ́múlélántàn, ìyẹn owó èlé tí wọ́n ń gbà padà lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀. Wọ́n yá mi ní ₦100,000, mò ń san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ ₦120,000. Ẹlòmíì á ní ₦20,000 lórí ₦100,000 ò burú. Ẹ wò ó dáadáa: tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá mo ti dá ₦60,000 padà, owó wọn tó kù lọ́wọ́ mi ò ju bí ìdajì lọ mọ́, síbẹ̀ èlé odindi ₦100,000 ni mò ń san títí dópin. Gbèsè tó ń bímọ nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n ò bímọ, ti ìyá aláṣọ náà ò bímọ, àmọ́ tí mi ò bá tíì san tiẹ̀, kò ní kó ọjà míì fún mi.

Kí n tó mú àwọn ibi téèyàn lè kówó sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n rèé. Mo kọ́kọ́ ń bèèrè pé ṣé ọwọ́ mi lè tètè dé ibẹ̀, torí ẹni tó ń san gbèsè, ọwọ́ ara ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sá fún. Mo ń bèèrè èló ni wọ́n máa yọ lórí ẹ̀. Mo ń bèèrè pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni mo máa dì mú. Mo sì ń wo bí owó ṣe ń wọlé fún onítọ̀hún, nítorí ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́ bíi tèmi àti ẹni tó ń gba owó oṣù bíi ti ọkọ mi, ohun kan náà ò lè bá àwa méjèèjì mu. Èyí tó kẹ́yìn, ṣé ibẹ̀ lè yáni lówó tí èlé ẹ̀ kéré láti fi gbá èyí tí èlé ẹ̀ pọ̀ lọ?

Kóló

Kóló ò gbà ju owó káfíńtà lọ, kò bèèrè BVN, kò lè sá lọ. Àmọ́ inú ilé tẹ́ ẹ wà ló wà. Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pákó ni, wọ́n kan ìṣó mọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo ní ó ti parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, lálẹ́ ọjọ́ kan, a nílò owó oògùn ikọ́ ọmọ. Mo dojú kóló délẹ̀, mo ki ọwọ̀ ìgbálẹ̀ méjì bọ ojú ihò ẹ̀, mo fi wọ́n há ₦1,000 kan láàárín, mo wá rọra ń yí i, mò ń yí i, títí etí ẹ̀ fi yọ, mo bá fà á. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ mú. Nígbà tí oṣù máa fi parí, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ méjì yẹn ti ní àyè tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóló, mi ò dá wọn padà sídìí ìgbálẹ̀ mọ́, ìgbà tá a sì fọ́ kóló, ₦7,400 ló wà níbẹ̀, ohun tí mo kọ sílẹ̀ pé mo jù sínú ẹ̀ lé ní ₦20,000.

Ẹ sì rántí ìgbà pààrọ̀ owó. Oṣù kẹwàá 2022 ni CBN kéde pé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 máa yí àwọ̀, tó fi di oṣù kejì 2023 owó ò sí nílẹ̀ mọ́, àwọn tó ní kóló ń fọ́ ọ wọ́n ń tò sẹ́nu báńkì, ìgbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó ní kí wọ́n ṣì máa ná ti àtijọ́. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn kóló, ẹ fi tọ́jú ṣenjì fún nǹkan kékeré, bíi owó ìwé ọmọ. Ẹ má kó owó gbèsè sí i.

Alájọ

Èyí ló gbà mí, mo sì máa dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá alájọ tiwa máa ń dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ti ẹnu ọ̀nà kí mi pé “ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá Àyọ̀”, káàdì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ẹ̀, á fi báírò pupa sàmì sí ti ọjọ́ yẹn, á sàmì sí ti ọwọ́ tiẹ̀ náà, ó tán. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọjọ́ tí mi ò bá tíì rí nǹkan kan tà, ojú á tì mí díẹ̀, ìtìjú yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí n ya owó sọ́tọ̀ láàárọ̀ kí n tó ra àkàrà.

Owó tí wọ́n ń yọ ni ti ọjọ́ kan nínú oṣù. Tẹ́ ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, ₦30,000 ni, wọ́n á yọ ₦1,000, wọ́n á kó ₦29,000 fún yín. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣé kì í ṣe pé mò ń sanwó kí n tó tọ́jú owó ara mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń sanwó ẹsẹ̀ tó ń fi rìn wá bá mi lójoojúmọ́, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé ọjọ́ kan ni wọ́n ń yọ, bóyá ẹ dá a pé tàbí ẹ ò dá a pé. Ẹni tó ní òun á máa dá ₦1,000, tó wá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló rí dá, ₦1,000 ni wọ́n máa yọ lórí ₦15,000. Ká ní ₦500 ló gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ tó sì dá a fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦15,000 náà ni, ₦500 ni wọ́n á yọ. Owó kan náà, ìdajì ìnáwó. Nítorí náà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni figagbága lórí iye tẹ́ ẹ máa dá, ẹ mú èyí tí ọwọ́ yín á tó lọ́jọ́ tí ọjà ò bá tà.

Ewu ẹ̀ ò kéré o. Kì í ṣe gbogbo alájọ lorí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Obìnrin kan tó ń dirun nítòsí mi fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ kan láti oṣù kìíní kí ó lè kó o lápapọ̀ nígbà Iléyá, alájọ yẹn kó kúrò nílé láàárín òru, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó tèmi lóṣooṣù, kì í kọjá oṣù kan láé. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ilé alájọ, ẹ mọ ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ọjà bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ fún ọdún mẹ́wàá ò dà bí ẹni tó dé lánàá.

Ohun kan wà tí mo ṣe tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìyá alájọ yìí kan náà ló ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Akíndèkó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tí oṣù bá pé, kó má kó owó yẹn wá fún mi rárá, kó kó o lọ bá ìyá aláṣọ tí mo jẹ ní gbèsè, kó gba ìwé wá fún mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní “ìyá Àyọ̀, ṣé ẹ ò fọkàn tán ara yín ni?” Mo ní mi ò fọkàn tán ara mi. Oṣù méjì, ₦58,000, mo fi ₦2,000 kún un, gbèsè Akíndèkó tán. Mi ò fojú kan owó yẹn rí.

Èsúsú

Èsúsú ti wà tipẹ́, ó wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹni tó ń yọ nǹkan kan. Èèyàn mẹ́wàá dá ₦10,000 lóṣù, ẹnì kan kó ₦100,000, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi kárí.

Àmọ́ nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá mú ló máa sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ẹni tó kó nọ́ńbà kìíní, lóònù tí kò lélé ló gbà yẹn. Ẹni tó kó ìkẹwàá, òun ló yá gbogbo àwọn yòókù lówó, tó bá sì fi máa kó ₦100,000 tiẹ̀, ó lè jẹ́ pé iye ìrẹsì tí ì bá rà lóṣù àkọ́kọ́ ò ní pé mọ́. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè tó ń bímọ, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà kìíní sí ìkẹta, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún olórí èsúsú láìfi bò. Tí wọn ò bá gbà, ẹ má dá a nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kó èsúsú, gbèsè ló tún wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn títí nọ́ńbà ìkẹyìn á fi kó, ẹni tí owó ẹ̀ ń wọlé ségesège á kàn kó ẹgbẹ́ sí wàhálà ni, ó sì máa ń da àárín ọ̀rẹ́ àti ìyàwó ilé rú.

Àwa aránṣọ mẹ́wàá ló dá tèmi, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kejì. Èrò mi ni pé mo fẹ́ fi san gbọ́múlélántàn tán lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ mo kọ́kọ́ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì pé tí mo bá san gbogbo ẹ̀ lónìí, ṣé èlé ọ̀sẹ̀ tó kù máa kúrò níbẹ̀? Wọ́n ní rárá, iye kan náà ni mo máa san. Ẹ bi tiyín náà léèrè, torí ti ibòmíì máa ń dín. Bí tèmi ò ṣe dín yìí, kí ni mo fẹ́ sáré san án fún? Mo bá ń san ₦5,000 wọn lọ lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀, mo fi owó èsúsú ra aṣọ, òwú àti sípù lówó ọwọ́, ìgbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún pé tí wọ́n ní kí n wá gba ₦150,000 míì, mo ní ẹ ṣeun, mi ò gbà. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Kọ́ọ̀pù lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, mi ò tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ. Ti ọkọ mi wà níléèwé aládàáni tó ti ń ṣe tíṣà, wọ́n ń yọ ₦10,000 lára owó oṣù ẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ ẹ̀, oṣù mẹ́fà lèèyàn máa dá kó tó lè yáwó, ìlọ́po méjì owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń yáni, pẹ̀lú onídùúró méjì, èlé ẹ̀ ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan lọ́dún. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́múlélántàn: níbí ₦100,000 máa gba èlé ₦10,000 fún odidi ọdún, níbi tọ̀hún ₦20,000 láàárín oṣù márùn-ún ààbọ̀. Ìparí ọdún wọ́n tún ń pín èrè.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ọ̀kan, onídùúró kì í ṣe eré, tẹ́ ẹ bá dúró fún ẹlòmíì tó sì sá, wọ́n á yọ ọ́ lára tiyín. Èkejì, tí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, wọ́n á gbé ìrẹsì, òróró àti fíríìjì wá fún ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé e lọ, ẹ máa san díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà tí mo mọ̀, ibẹ̀ ni gbèsè wọn ti ń pọ̀ sí i, kì í ṣe owó tí wọ́n yá. Ẹ̀kẹta, owó tí wọ́n ń yọ ò mọ̀ bóyá owó oṣù pé tàbí kò pé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ gba ìdajì owó oṣù láti 2015 dé 2018 nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ má jẹ́ kí iye tí wọ́n ń yọ ju ohun tẹ́ ẹ lè fara dà tí owó bá já wálẹ̀.

Ojú ń ti ọkọ mi nítorí owó ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fẹ́ yáwó ní kọ́ọ̀pù láti fi san án. Mo ní rárá, a ò gbọ́dọ̀ gbé gbèsè tó lélé san èyí tí kò lélé. Àwa méjèèjì lọ kúnlẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n nílé wọn ní Òkè-Baálẹ̀, a ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ₦15,000 la lè máa san lóṣooṣù. Wọ́n ní kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ápù orí fóònù

Èyí tó ń tini lówó pa wà, tẹ́ ẹ bá ti mú ọjọ́, kò ní ṣí kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó sì ń fún yín ní èlé díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ náà wà lábẹ́ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì. Láti 2024, tí báńkì ńlá bá wó, NDIC máa san tó ₦5 mílíọ̀nù fún ẹni tó lówó níbẹ̀, ti máíkírófáínáǹsì jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Kò sí alájọ tó lè ṣe ìyẹn fún yín.

Àléébù ẹ̀ fún àwa tá à ń ta ọjà ni pé owó bébà ni kọ́sítọ́mà ń fún wa, a gbọ́dọ̀ rìn lọ bá oní-POS ká tó lè fi sí i, ó máa gba owó, lọ́jọ́ tó bá sì rẹ̀ wá a ò ní lọ. Àléébù kejì burú jù: nínú ọ̀pọ̀ ápù, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yáwó wà nísàlẹ̀ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tọ́jú owó. Ẹni tó ń san gbèsè, ẹ má fi ìka kan án. Òṣómàáló ayé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà yín nìkan ló ń lóṣòó sí, lóònù ápù á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín, sí àna yín, sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù. Bó bá di dandan, ẹ wo orúkọ wọn lórí ìwé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, kẹ́ ẹ tó fún wọn láàyè lórí fóònù yín.

Ta ni kó mú èwo?

Tí owó yín bá ń wọlé lójoojúmọ́, aláta, aránṣọ, onídìrí, ọlọ́kadà, alájọ ni kẹ́ ẹ mú, iye kékeré, ẹ kó o lóṣooṣù, tẹ́ ẹ bá sì lè rí i ṣe, kó máa ti ọwọ́ alájọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ jẹ. Tó bá jẹ́ owó oṣù, alájẹṣẹ́kù, ní pàtàkì tẹ́ ẹ bá ní gbèsè tó ń bímọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi òmíràn tí èlé ẹ̀ kéré gbá lọ. Tíbi iṣẹ́ yín ò bá ní kọ́ọ̀pù, ápù tó ń ti owó pa, lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Èsúsú wà fún ẹni tí owó ẹ̀ ń wọlé déédéé tó sì rí nọ́ńbà iwájú gbà láàárín àwọn tó mọ̀ dénú ilé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lébìrà, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan á rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì kò ní rí, kó má sún mọ́ èsúsú, kó máa dá àjọ ₦200 tàbí ₦300, ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ kó dá ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀, alájọ kì í kọ̀ ọ́. Kóló, mo ti sọ tiẹ̀.

Tọkọtaya tó bá rí bíi tiwa lè pín in. Ní báyìí, ti ọkọ mi ń lọ sí kọ́ọ̀pù, ₦1,000 mi ń lọ sọ́wọ́ ìyá alájọ, nínú ẹ̀ la ti ń yọ ₦15,000 ẹ̀gbọ́n, ìyá alájọ ló ń fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ tó bá kó o. A ti san án lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó ku ₦85,000, ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí ni mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọmọ mi àgbà ló máa ń fi báírò fa ìlà lé iye tó bá ti kúrò.